Ohun Tí Irmeli Dà Nù

Yìnyín ti bo ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní Oulu.
Láti àná ni Irmeli ti ń kọ́ èkùrọ́ kan,
ọkàn ẹ̀rọ tuntun.
Kò jí.

Ó là á wò.
Ta ló pe ẹ̀yin?
Ìwé pélébé tó ń polongo orúkọ ẹni tó túmọ̀ kóòdù,
nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè,
àtẹ bí a ṣe ń sá jáde bí nǹkan bá dàrú,
nínú ilé tí kò tíì ní ilẹ̀kùn.
Gbogbo wọn rọ́ síwájú,
wọ́n ti àmì tí ẹ̀rọ fi ń jí
kọjá ẹgbàá mẹ́rin báìtì.
Ẹ̀rọ wá a títí, ó sú u.

Ó kọ ìlà kan fún asopọ̀: dà wọ́n nù.
Ó fi ìràwọ̀ kan sí i, ọwọ́ ti yá jù;
àmì náà bá pàǹtírí lọ.

Ó po kọfí.
Bàbá rẹ̀, Taavetti, kì í ju ẹ̀wù sínú iná
láì tú àpò rẹ̀:
ó ti sun kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ojú omi rí.

Ó pa ìràwọ̀ rẹ́.
Ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago mẹ́ta òru, lórí gíláàsì dúdú,
lẹ́tà kan ṣoṣo.