Ẹsẹ̀ Karùn-ún

Omi Ẹlẹ́yẹlé nìyí nínú ìgò kọfí.
Ìdájí la ti lọ fà á, èmi àti Bàbá Ọdẹ́rìndé,
àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ ju ìborùn ìyàwó lọ,
tí ewé ojú-oró ń wọ́ tẹ̀lé.

Wàyí o, wọ́n wà lábẹ́ gíláàsì.
Ohun tí ojú lásán ń pè ní eruku
ń ta pọ́ún, ó dúró, ó tún ta.

"Má tètè sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí.
Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wo omi yìí fún iléeṣẹ́ omi,
ìjọba ò sì tíì san owó ìfẹ̀yìntì wọn tán.
"Wo ìwo rẹ̀ ná."

Ìwo náà nà sí ọ̀tún, ó nà sí òsì
bí ẹni tó fẹ́ wọn ilẹ̀,
ó gùn dé ìdí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ìrù.
Kì í ṣe bí ti ìbátan rẹ̀ oníwo kúkúrú
tó fi àpò ẹyin méjì kọ́ ìbàdí bí ẹni ń pọnmi lọ sóko.
Àpò kan ṣoṣo ni tiwa.
Ojú kan ṣoṣo, pupa bí ata wẹẹrẹ.
Ojú kan, àpò kan: mo ti mú pẹ́ńsù.

Wọ́n fi ìka pa ìwé mi dé.
"Ẹbí lo mọ̀ yẹn, o ò tíì mọ ọmọ."
Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi máa ń wí lójú ipasẹ̀ nínú ẹrẹ̀:
lójú ọ̀lẹ, ẹtu ni èsúró.

Akọ ni ká wá nígbà náà,
akọ tí ìwo ọ̀tún rẹ̀ ní orúnkún
kí ó lè fi gbá abo mú.
Mo fi abẹ́rẹ́ méjì tú u nínú gílísírìn,
mo ń rọra mí, kí èémí mi má gbé e lọ.
Ẹsẹ̀ kìíní, ìkejì, wọ́n jọra wọn.
Ìkẹta, ìkẹrin, mo tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ìkarùn-ún ló mọ orúkọ:
ọ̀tún rẹ̀ ní èékánná tó tẹ̀ bí dòjé,
òsì rẹ̀ kúrú, kò jọ ọ̀tún, kò sì tijú.
Ẹ̀gún kan wà lára ọ̀tún náà,
àbí kò sí?

Iná lọ.

Bàbá ò ṣépè. Wọ́n yí díńgí ẹ̀rọ náà sí fèrèsé,
oòrùn tó ti rin orí páànù onípẹtà Mọ́kọ́lá
wọlé tọ̀ wá,
ó la ara ẹranko tí kò tó hóró iyọ̀ kọjá.
Ẹ̀gún náà wà. Ó tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn.
Kò sí nínú àwòrán kankan tó wà lọ́wọ́ wa.

"Yà á bó ṣe rí," ni wọ́n wí, "má yà á bó o ṣe fẹ́."

Mo yà á. Mo fi ojú orúkọ sílẹ̀ lófìfo.
Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo kọ:
Ẹlẹ́yẹlé, ẹ̀bá odi ìsédò, Ọjọ́bọ̀, akọ kan.