Ọwọ́ Tó Bá Mi Gé Búrẹ́dì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ya tíkẹ́ẹ̀tì
lẹ́nu ọ̀nà síníma etí omi ní Setúbal.
Mo mọ ẹni tó ń sùn, mo mọ ẹni tó ń sunkún,
mo mọ ẹni tí kì í wọlé àfi tí iná bá kú.
Ṣùgbọ́n fíìmù kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni. Àbúrò ta ẹ̀gbọ́n.
Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Ó dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i,
ó ní:
"Ọwọ́ tó bá mi gé búrẹ́dì ló gé mi tà."

Ẹ ò rí i bí gbólóhùn yẹn ṣe rìn jáde!
Apẹja tí wọ́n bá jẹ nídìí káàdì, òun ló ń sọ.
Ọmọ tí wọ́n bá mú ẹja inú àwo rẹ̀, òun ló ń sọ.
Àlùfáà pàápàá sọ ọ́
lọ́jọ́ tí gólì wa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ara rẹ̀.

Àfìgbà tí ọlọ́pàá ojú omi dé lọ́gànjọ́.
Ọkọ̀ Firmino Cordeiro ni wọ́n gbà lọ tààrà,
wọn ò yẹ òmíràn wò.
Abẹ́ àwọ̀n, abẹ́ yìnyín, abẹ́ pákó kẹta láti ẹ̀yìn,
ibẹ̀ ni páálí sìgá wà,
ibi tí èèyàn méjì péré mọ̀:
ẹni tó kan pákó náà,
àti ẹni tó bá a di ìṣó mú.

Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Baltazar.
Àmọ́ kí oṣù tó parí, Baltazar ti san gbèsè orí ilé rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni Firmino lò lẹ́wọ̀n.
Láàárín ìyẹn, a ò fi gbólóhùn náà ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.
Ó ti di òkúta inú ìrẹsì,
eyín ń bẹ̀rù rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, ọ̀gá tún gbé fíìmù náà jáde.
Mo ní kó má ṣe é. Ó ní ó ń pawó.
Baltazar tètè dé. Ìlà kẹta, fìlà lórí orúnkún.
Kí ló wá ṣe? N ò mọ̀.
Egbò a máa pe èékánná.
Fíìmù ti dé ìdajì kí Firmino tó wọlé,
irun rẹ̀ funfun bí iyọ̀ tó gbẹ sára àwọ̀n.
Mo ya tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.
Kò wá àyè. Ìlà kẹta ló lọ,
ó jókòó ti àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n inú fíìmù rìn lọ sójú fèrèsé.
Igba èèyàn séèémí.
Òun nìkan ló sọ ọ́, kò sẹ́nu tó gbè é.

Firmino tọwọ́ bọ àpò kóòtù.
Mo ní ó parí.
Búrẹ́dì ló yọ.
Kò gé e. Kò wo ẹ̀gbẹ́ kankan.
Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun nìkan,
ó ń jẹ ẹ́ títí iná fi tàn.

Mo gbálẹ̀ ìlà kẹta lálẹ́ ọjọ́ náà.
Kò sí èérún kan lábẹ́ àga Firmino.
Fìlà Baltazar wà nílẹ̀.
Kò tíì wá gbà á.
Ó wà lórí ìṣó nínú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì,
tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un.