Ìlà Kejìlá

Aago méjì òru, Òkè-Balógun, l'Ẹ́pẹ́.
Dátà òru ni mo rà, igba náírà,
aago márùn-ún ló máa kú.
Jẹnẹrétọ̀ ilé yìnyín ń kùn lẹ́yìn ògiri,
òbòkún ti sùn nínú yìnyín,
èmi nìkan ni n kò sùn.

Ohun tí mo ń wá kò pọ̀.
Ìwé gbèsè mi ti di mẹ́ta,
omi ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orúkọ Sìkírátù rẹ́,
Jìnádù ní òun ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà,
mo ní kò san,
ìwé lẹ̀ mọ́ra, kò lè jẹ́rìí ẹnikẹ́ni.
Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín:
"Kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà, kó máa bá ọ kà á."
Bí ẹni ní kí n sáré lọ ra bọ́ọ̀lì.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.
Háà! Ayélujára ṣílẹ̀kùn
bí ọjà Olúwo lọ́jọ́ ọjà,
oníkálukú ń fà mí láṣọ:
wá síbí, oṣù mẹ́ta lo ó fi di ọ̀gá;
wá síbí, dọ́là mọ́kàndínlógójì péré;
wá síbí, ọ̀fẹ́ ni,
ọ̀fẹ́ tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì báǹkì.
Èmi tí mo mọ ẹja tó ti kú látàná,
tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tuntun kùn lójú,
mo ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkẹtàdínlógún ni mo mú:
ọkùnrin kan tí kò fi ojú hàn,
ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí,
àti àkùkọ kan tó ń kọ lẹ́yìn ilé rẹ̀,
ní ìlú tí n kò dé rí.
Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń sáré bí ọkọ̀ ojú omi elénjìnnì.
Mo dá a dúró, mo dá a padà, mo tún dá a dúró.
Kò bínú sí mi.
Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà èwe,
ẹ̀ẹ̀kan ló ń sọ̀rọ̀.

Oṣù kan kọjá. Ó ku ìlà kejìlá.
"Ṣe é, tún un ṣe, títí yóò fi tán."
Kò yé mi. Fóònù bì pupa sí mi lójú:
àṣìṣe, ìlà kejìlá.
Mo yí i padà.
Àṣìṣe, ìlà kejìlá.
Mo tún un yí, ó wá ń ka gbèsè Sìkírátù lọ láìdúró,
ẹgbẹ̀rún, ọ̀kẹ́, ó di mílíọ̀nù,
títí obìnrin tó ń ra yìnyín àpò méjì
fi jẹ mí lówó gbogbo ẹja inú ọ̀sà.
Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
Dátà tán.

Ní kùtùkùtù, Bàbá Làmídì jókòó létí omi,
ó ń tún àwọ̀n ṣe, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́:
ó ta kókó, ó fà á,
ó fi àtàǹpàkò wá ihò tó kàn,
ó ta kókó, ó fà á.
Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀gbà tó parí?"
Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó sọnù.
"Bí àtàǹpàkò mi ò bá ti rí ihò mọ́ ni."

Kó tó pa ẹnu dé, mo ti ń sáré lọ sílé yìnyín.
N kò ní dátà, n kò sì nílò rẹ̀.
Ìlà kejìlá: níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá ṣì kù.

Ó dúró.
Funfun nínú dúdú:
Sìkírátù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé igba.
Jìnádù, kò jẹ gbèsè.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Kò jẹ gbèsè.
Mo fi ooru omi gbígbóná la ojú ewé tó lẹ̀ mọ́ra,
ẹgbẹ̀rún mẹ́fà wà níbẹ̀ lóòótọ́,
ọwọ́ ìkọ̀wé èmi fúnra mi.

Lálẹ́ yìí, kí n tó ra dátà mìíràn,
mo gbé àpò yìnyín méjì sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ Jìnádù.
N kò tíì mọ ohun tí mo máa sọ.
Kò sẹ́ni tó ń kọ́ni ní ìyẹn lórí fóònù.
Mo ti wá a.