Ìṣó Tó Ṣẹ́ Kù

Òjò ń rọ̀ ní Kutaisi bí ẹni ń jọ ìyẹ̀fun
lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàtẹ àwòrán.
Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà:
ọwọ́ bàbá mi lẹ́nu ààrò búrẹ́dì,
ọwọ́ pípọ́n, iná ti jó irun rẹ̀ tán.

Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Tsisana, ìṣó kan ló kù,
ẹ̀bá ilé ìtọ̀ ló wà."
Èmi tí mò ń lálàá Paríìsì!
Èmi tí ìbùwọ́lù mi ti dán ju àwòrán lọ!

Wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri níwájú, wọ́n ń mu wáìnì.
Wáìnì kì í sì í pẹ́ nínú ènìyàn.
Kò pẹ́, wọ́n tò síwájú mi,
ojú ò ríbi sá sí.

Ìyá àgbà kan, aláṣọ dúdú,
ilẹ̀kùn ṣí fún un, kò wọlé.
Ó ní, "Ẹni tó lọ́wọ́ yìí ò tíì jẹun láàárọ̀."

Kò sẹ́ni tó rà á.
Mo gbé e wálé nínú òjò.
Bàbá wò ó títí, ó ní èékánná òun ò dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀.
Mo ní ó dọ̀tí.
Ọ̀dà pupa ti tán; owó oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.