Ẹ Má Tíì Yí Kọ́kọ́rọ́

Ọdún mẹ́rin ni ọkọ̀ bàbá mi fi sùn
lábẹ́ igi fúrúùtù, lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀.
Ewé já lé e, ẹyẹ ṣu sí i,
adìẹ ìyá Ṣéríkì yé ẹyin mẹ́fà sídìí táyà.
Mo ti Ìlọrin dé, mo ra bátìrì tuntun,
mo rò pé owó ni oògùn ohun tá a pa tì.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní: tá.
Mo tún un yí. Tá.
Ó ń bínú sí mi
bí àgbà tí ọmọ wọlé bá, tí kò kí.

Gbàdàmọ́sí mẹkáníìkì gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀tà-Ẹfun,
Sìdíkátù ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé àpótí sípánà lé itan.
Ó wo bátìrì mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ẹ gbé oúnjẹ wá, ẹ ò la ọ̀nà ọ̀fun."
Ó tú wáyà orí bátìrì. Ìpẹtà ti bò ó,
ó rí bí èékánná àwọn aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Sìdíkátù da omi gbígbóná sí i,
ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín há a títí irin fi yọjú.
Wáyà kejì, èyí tó so mọ́ ara ọkọ̀,
eku ti jẹ ẹ́ ku fọ́nrán mẹ́ta.
Ọwọ́ mi tún ti dé ìdí kọ́kọ́rọ́.
"Ẹ má tíì yí i. Ọwọ́ yín yá jù."

Nígbà tó gbà pé kí n yí i,
ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó tu èéfín dúdú, ó jí.
Adìẹ fò. Ìyá mi sáré jáde, ọṣẹ lọ́wọ́,
ó dúró síbẹ̀ ó ń gbọ́ ohùn yẹn,
kò sọ nǹkan kan.

A ò tíì dé Ọláìyá
tí abẹ́rẹ́ gọ́ọ̀jì fi ń gun òkè,
ooru ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìkòkò ẹlẹ́kọ.
Mo fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Sìdíkátù gbá mi lọ́wọ́, pá!
"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú yín ti sú yín ni?"
A jókòó sẹ́bàá títì, a jẹ ẹ̀pà,
a ń retí kí inú irin rọ̀.

Ó rọ̀. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí ògì ọkà bàbà.
"Ta ló ń rọ omi kànga sínú eléyìí?"
Bàbá mi ni, láràárọ̀, pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀.
Gbàdàmọ́sí fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó wò ó lójú oòrùn:
"Kò ní wàrà nínú. Gáskẹ́ẹ̀tì ò tíì jó. Ẹ dúpẹ́."
Fáànù ń yí. Béélì ò tíì gé.
Ó wá fẹ̀yìn ọwọ́ kan rọ́bà òkè: iná.
Ó kan ti ìsàlẹ̀: tútù bí omi àmù.
"Ilẹ̀kùn kan ti há láàárín."
Tọ́mọ́sítáàtì ni, kò ju ìdérí ìgò lọ,
ó kú sípò títì. Omi ń kan ilẹ̀kùn, kò rẹ́ni ṣí i.

Mo rántí ìpè alẹ́ ọjọ́ kan.
Bàbá mi ní, "Gbígbóná yìí ò lọ o."
Mo rò pé ọkọ̀ ló ń wí.
Mo ní, "Ẹ máa rọ omi sí i."

A fọ rédíétọ̀. Omi pupa ṣàn wọ kòtò,
ó pẹ́ kó tó mọ́.
Nígbà tá a padà délé, abẹ́rẹ́ dúró sáàárín, kò mì.
Ìyá mi fẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì
bí ẹni ń yẹ ọmọ wò lóru.

Ó ku ti bíréèkì.
Gbàdàmọ́sí ní ó di Ọjọ́rú.