Agolo Owó Dókítà

Dókítà Rattray, agolo náà rè é.
Agolo bisikíìtì ni, ìpẹtà ti jẹ ìdérí rẹ̀.
Sísì wà nínú rẹ̀, tọ́rọ́ wà nínú rẹ̀,
ṣílè kan wà níbẹ̀ tí orí ọba ti pa rẹ́ lára rẹ̀.
Gbogbo alẹ́ Jímọ̀ ni ìyá mi ń sọ nǹkan sí i:
“Owó Dókítà nìyẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, màá gé e lọ́wọ́.”
Kò gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.
Àwa náà ò fọwọ́ kàn án,
àní lọ́dún tí a fi omi gbígbóná jẹ búrẹ́dì.

Dundee létí odò Tay, ìlú ahun-àpò-ìdọ̀họ!
Gbogbo ayé ń fi àpò wa kó kọfí, wọ́n ń fi kó ìrẹsì,
àwa tí a hun ún kò rí nǹkan kó sínú rẹ̀.
Ẹ̀rọ ti jẹ etí ìyá mi tán kó tó pé ọgbọ̀n ọdún.
Ojú ni àwọn obìnrin àdúgbò wa fi ń gbọ́rọ̀,
ètè ẹnìkejì ni wọ́n ń kà bí ìwé.

Òru tí òtútù àyà gbé Lachlan dè,
yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ilé wa.
Mọ́kànléláàádọ́rin ni, mo mọ̀ ọ́n,
èmi ni mo ń ru èédú gùn ún.
Ẹ gùn ún. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà
kí ẹ má baà jí àwọn ará ìsàlẹ̀.
Ìbọ̀sẹ̀ yín ti lu, gìgísẹ̀ yín yọ bí oṣù tuntun.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ rí mi.
Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ ki irin tí ẹ fi ń gbọ́ àyà bọ abẹ́ apá ara yín,
ẹ dúró, ẹ dúró,
títí irin náà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́
kí ẹ tó fi kan àyà ọmọ.
Ẹ wá kọjú sí ìyá mi.
Ẹ ò pariwo mọ́ ọn bí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́;
ẹ la ẹnu láìsí ohùn, ètè yín ń yí díẹ̀díẹ̀:
Yóò yè. Ẹ lọ sùn. Èmi yóò jókòó tì í.
Ta ló kọ́ ọmọ adájọ́ ní èdè àwọn ahunṣọ?
Mo sùn, mo jí, ẹ ṣì wà níbẹ̀,
ẹ ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu.
Ẹ̀wù òtútù yín, èmi ni ẹ fi bò.

Ìyá mi bèèrè pé èló ni.
Ẹ ní, “Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ ná.”
Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ fi ṣírò!

Ìyá mi ti lọ. Lachlan ti di atukọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ wọlé.
Lánàá mo gbé agolo dé ilé yín,
posí yín wà ní yàrá iwájú.
Mungo, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ṣí ìwé gbèsè fún mi.
Níbi tó yẹ kí iye owó wà, ẹ kọ ọ́ pé:
Ìdílé Petrie. Tíì ife kan, kò sí ṣúgà.
Ọmọbìnrin wọn fi ìbọ̀sẹ̀ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti san.
Ìdílé Docherty. Wọ́n lẹ táyà kẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n ti san.
Ìdílé Mulgrew. Ọmọ náà kú.
Èmi ni mo jẹ wọ́n.

Mo pa ìwé náà dé.

Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,
ọlọ́ṣà ló jọ.
Dókítà, ẹ̀yin lẹ sọ wá dọlọ́ṣà,
gbogbo ìgbà tí a bá ti lanu, ẹ ti wà lórí kẹ̀kẹ́.
Agolo ń bẹ lórí tábìlì mi báyìí.
Mo mú ṣílè kan péré níbẹ̀, mo fi ra òwú,
òwú aláwọ̀ eérú, èyí tó nípọn.
Mo ń hun ìbọ̀sẹ̀.
Ọ̀la ni ìsìnkú, mo ṣì ku ẹsẹ̀ kan.