Níbo Ni Yóò Gbà Jáde?

Ẹ̀yìn bébà owó iná ni mo ya adágún náà sí:
ìhín ni omi yóò gbà wọlé,
ọ̀hún lábẹ́ òkúta ni ẹja yóò máa sùn.
Fadérera wò ó, ó ní, "Níbo ni yóò gbà jáde?"
Mo dákẹ́.
Èmi tí mo ti ra pọ́ǹpù.

Amọ̀ Winnipeg kì í mu omi,
ẹnu ló ń fi í sí, bí ọmọ tó kọ àgbo.
Lọ́jọ́ tí òjò Oṣù Karùn-ún rọ̀,
adágún mi gba abẹ́ ọgbà kọjá,
ó lọ kí Kowalchuk ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó wọ bàtà òjò, ó gbé ṣọ́bìrì,
a jọ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ dé gọ́tà títì,
páìpù ń fi ìbú ìka kan rẹlẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní báyìí pọ́ǹpù ń fa omi nísàlẹ̀,
ó ń dà á padà sórí òkúta, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀,
ẹja mẹ́ta ń ju ìrù.

Fadérera ní kí n má tíì yọ̀:
yìnyín ń bọ̀, yìnyín ò mọ gọ́tà.
Mo tún ń wá bébà owó iná mìíràn.